Ṣé ó yẹ kí ọ̀pọ̀lọ́ àti àkèré jọ gbé inú báfù kan?

Láti Akébé ni lẹ́tà ọ̀sẹ̀ yìí ti wá. Fún ẹni tí kò mọ ibẹ̀, àdúgbò ńlá kan ni ní Libreville, olú-ìlú Gabon, kò jìnnà sí ọjà Mont-Bouët tí àwọn èèyàn wa láti Olómìnira Benin àti Nàìjíríà ti ń tajà. Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta ló kọ ọ́. Ọmọ Kétu ni, ó sì ní kí a má dárúkọ òun. Àwọn ọmọ rẹ̀ méjì àgbà wà lọ́dọ̀ ìyá àgbà nílé. Àbíkẹ́yìn, ọmọkùnrin ọmọ ọdún mẹ́jọ, nìkan ló wà lọ́dọ̀ rẹ̀ ní Akébé.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Òjò ńlá kan rọ̀, omi kún gọ́tà ẹ̀yìnkùlé wọn. Nígbà tí omi fà, ọmọ náà rí ọ̀pọ̀lọ́ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ó gbé e sínú báfù, ó da iyanrìn sí i. Ni ọ̀pọ̀lọ́ bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìdí walẹ̀, ó ń rì díẹ̀díẹ̀ títí ó fi ku ojú méjèèjì nìkan lókè. Láti ọjọ́ náà, ọmọ kò fẹ́ lọ síbì kankan mọ́. Bí ó bá ti ilé ìwé dé, ẹ̀gbẹ́ báfù ló ń jókòó sí. Ọ̀sẹ̀ méjì rèé. Ọmọ aládùúgbò wọn wá mú òmíràn wá, tó tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ dáadáa, wọ́n sì fi í sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì kan tí wọ́n da nǹkan bò. Ọmọ ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n da méjèèjì pọ̀. Ó ní ti òun ń dá wà, kò sì dáa kí ẹnikẹ́ni máa dá wà. Bàbá rẹ̀ ní kí wọ́n kó méjèèjì dànù. Ìyá wá wà láàárín. Ó kọ̀wé pé, “Ẹ̀yin olóòtú, mo ti ṣèlérí fún un pé ohun tí ẹ bá sọ la ó ṣe. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn kó tó di Sátidé.” Ó fi fọ́tò méjì ránṣẹ́ pẹ̀lú rẹ̀.

A ti dá a lóhùn lálẹ́ ọjọ́ náà: ẹ má dà wọ́n pọ̀, ì báà ṣe fún wákàtí kan. Ṣùgbọ́n àlàyé tó wà lẹ́yìn ìdáhùn yẹn gùn ju ohun tí èèyàn lè tẹ̀ sórí WhatsApp lọ, a sì mọ̀ pé ọmọ tirẹ̀ nìkan kọ́ ló ń gbé irú nǹkan báyìí wọlé nígbà òjò.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ohun tó wà nínú fọ́tò méjèèjì, nítorí orúkọ máa ń da ọ̀rọ̀ yìí rú. A ní ọ̀pọ̀lọ́, a ní àkèré, a ní kọ̀ǹkọ̀. Láti ìlú dé ìlú ni ẹnu kì í ti í kò lórí wọn. Ohun tí ẹnìkan ń pè ní kọ̀ǹkọ̀, ẹlòmíràn á ní ọ̀pọ̀lọ́ lásán ni. Ọmọ tó ń kàwé ní Libreville ní tirẹ̀ á pe gbogbo wọn ní “grenouille”, ó parí. Lórí ojú ewé yìí, ọ̀pọ̀lọ́ la ó máa pe èyí tí awọ rẹ̀ gbẹ, tí ara rẹ̀ rí kókókókó, tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ kúrú, tí kì í sì í fò jìnnà. Àkèré ni èyí tí ara rẹ̀ ń yọ̀, tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ gùn, tí awọ so ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ pọ̀ bíi ti pẹ́pẹ́yẹ, tó sì jẹ́ pé bó bá fò pẹ́nrẹ́n, ó ti dénú omi.

Èyí tó wà nínú báfù, ọ̀pọ̀lọ́ ni. Ẹ wo ẹ̀yìn ojú rẹ̀ nínú fọ́tò, ẹ ó rí ìwú gbọọrọ méjì, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Ó jọ irú èyí tó wọ́pọ̀ káàkiri Áfíríkà, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Sclerophrys regularis. Èyí tó wà nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, àkèré ńlá ni. Ojú rẹ̀ wà lókè orí gan-an, ẹnu rẹ̀ sì fẹ̀ dé ẹ̀yìn ojú. Ó jọ Hoplobatrachus occipitalis, èyí tí àwọn èèyàn wa ń yan tàbí dín, tí wọ́n sì ń jẹ. Ká ní ìyá àgbà tó wà ní Kétu ló ṣí bọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn wò, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìkòkò ọbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ì bá já sí. A kò fi èyí ṣe yẹ̀yẹ́ o. Òwò àkèré láàárín àwọn ìlú bíi Malanville, ní àríwá Benin, àti Nàìjíríà tóbi débi pé àwọn onímọ̀ bíi Meike Mohneke, Abiodun Onadeko àti Mark-Oliver Rödel ṣe ìwádìí nípa irú òwò bẹ́ẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2010.

Ohun tí ọmọ wa ń rò ni pé ọ̀rẹ́ méjì ni òun fẹ́ kó pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀dá méjì tí kì í ṣe ìran kan náà ni wọ́n, èyí tó tóbi nínú wọn sì ń jẹ ohunkóhun tó bá mira níwájú rẹ̀, bí ẹnu rẹ̀ bá ti lè gbà á. Ó ń jẹ kòkòrò, ó ń jẹ ẹja kéékèèké, ó sì ń jẹ àkèré bíi tirẹ̀. Láti kékeré ló ti ń ṣe é. Légbénlègbé rẹ̀, ìyẹn ọmọ rẹ̀ tó ṣì ń lúwẹ̀ẹ́ bí ẹja, kì í fi ewéko inú omi nìkan ṣe oúnjẹ bíi ti ọ̀pọ̀ légbénlègbé yòókù. Ẹran ló ń jẹ. Ó ń jẹ tanwíjí, ó ń jẹ légbénlègbé ìran mìíràn, bí omi ibi tí wọ́n wà bá sì kéré, tí oúnjẹ tán, wọ́n á yíjú sí ara wọn.

Ní ti ọ̀pọ̀lọ́, òun náà kì í ṣe aláìní ohun ìjà. Ìwú méjì ẹ̀yìn ojú rẹ̀ yẹn, àpò oró ni. Bí nǹkan bá fún un pọ̀, oró funfun tó rí bíi wàrà á jáde. Oró náà ń da ìlù ọkàn rú, ìdí nìyẹn tí ajá tó bá gé ọ̀pọ̀lọ́ jẹ fi máa ń da itọ́ lẹ́nu, tí àwọn mìíràn sì ń kú. Nítorí náà, bí ẹ bá da àwọn méjèèjì pọ̀ lálẹ́, ọmọ lè jí láàárọ̀ kó bá àkèré nìkan nínú báfù, ikùn rẹ̀ wú bẹ̀ǹbẹ̀. Tàbí kó bá a tí òun náà ti kú. Bí kò bá tilẹ̀ gbé e mì, inú omi kan náà ni wọ́n ó jọ máa jókòó sí, àkèré kì í sì í fi ẹnu mu omi. Awọ ikùn àti ti itan rẹ̀ ló fi ń fà á. Ohunkóhun tó bá jáde lára ọ̀pọ̀lọ́ sínú omi kékeré yẹn, ara àkèré ló ń wọ̀ lọ.

A mọ̀ pé èyí kò tíì kan ohun tí ọmọ náà ń sọ gan-an. Kò bèèrè ta ló máa jẹ ta. Ó ní ọ̀pọ̀lọ́ òun ń dá wà.

Ìyá sọ fún wa pé èdè Faransé lọmọ fi sọ ọ́, “il est tout seul”, òun ló tú u sí Yorùbá fún wa. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti lọ́ pọ̀. “Seul” lédè Faransé lè jẹ́ ẹni tó wà lóun nìkan, ó sì lè jẹ́ ẹni tí ojú rẹ̀ ń wá èèyàn. Àwa ní ọ̀nà láti ya méjèèjì sọ́tọ̀. Ẹni tó ń dá gbé ń dá gbé ni, ara sì lè tù ú dáadáa bẹ́ẹ̀. Ẹni tí àárò ń sọ, ọ̀tọ̀ nìyẹn. Èèyàn lè wà láàárín ogún èèyàn nínú ilé kan kí àárò ṣì máa sọ ọ́. Ọ̀pọ̀lọ́ ń dá gbé. Kò sí ohunkóhun nínú ìṣesí rẹ̀ tó fi hàn pé àárò ń sọ ọ́.

Ọmọ tí a fi “ká rìn ká pọ̀, yíyẹ ní í yẹ ni” tọ́ dàgbà kò lè tètè gba èyí gbọ́, a kò sì bá a wí. Àwọn ẹran ọ̀sìn tó mọ̀ nílé náà ń ti ohun tó rò lẹ́yìn. Bí ẹ bá ya àgùntàn kan sọ́tọ̀, yóò máa ké títí ọ̀fun rẹ̀ yóò fi gbẹ. Òròmọdìyẹ tó bá ṣìnà kúrò lẹ́yìn ìyá rẹ̀ kì í dákẹ́. Ẹran agbo ni wọ́n, ìran wọn kò mọ bí a ti ń gbé láìsí ẹlòmíràn. Ọ̀pọ̀lọ́ kì í ṣe ẹran agbo. Ìyá rẹ̀ yé ẹyin sínú omi, ó bá tirẹ̀ lọ. Nígbà tó hu ẹsẹ̀, òun nìkan ló jáde kúrò nínú omi náà, tó wá ihò tirẹ̀.

Ẹ ó ní, ṣebí a ń gbọ́ wọn lálẹ́ òjò, tí ogúnlọ́gọ̀ wọn ń ké pọ̀ bí ẹgbẹ́ akọrin? Òótọ́ ni. Akọ ni àwọn tó ń ké yẹn. Igbe kan náà ni wọ́n fi ń pe abo wá, òun náà ni wọ́n fi ń sọ fún akọ yòókù pé kó jìnnà síbi tí àwọn wà. Ọjà alẹ́ ni wọ́n ná. Bí ọjà bá ti tú, oníkálukú á gba ọ̀nà ihò rẹ̀ lọ. Àwọn àgbà tó sọ pé ọ̀pọ̀lọ́ kì í sáré ọ̀sán lásán mọ̀ pé inú ihò ló yẹ kó wà lọ́sàn-án, kó wà níbẹ̀ jẹ́ẹ́, láìsí ẹni tó ń dà á láàmú.

Òǹkàwé mìíràn lè bèèrè pé, ká ní ọ̀pọ̀lọ́ méjì tó jẹ́ ìran kan náà ni ńkọ́, tí wọ́n tóbi bákan náà? Ìyẹn rọrùn díẹ̀, ṣùgbọ́n báfù kò lè gbà wọ́n. Ọ̀pọ̀lọ́ méjì tó dọ́gba lè jọ wà nínú àyè tó fẹ̀, tí iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀ jìn, tí ibi ìsápamọ́ inú rẹ̀ ju ẹyọ kan lọ, tí ẹni tó ń bọ́ wọn sì ń ṣọ́ ọ kí kálukú jẹ tirẹ̀. Nínú àyè tó fún, ọ̀kan ni yóò máa jẹ tán. Èkejì á máa rù, ẹ kò sì ní tètè mọ̀ nítorí inú ilẹ̀ ló ń wà lọ́pọ̀ ìgbà. Bí ó bá sì jẹ́ akọ ni wọ́n, nígbà òjò akọ ọ̀pọ̀lọ́ á gbá ohunkóhun tó bá mira mọ́ra látẹ̀yìn, kò bìkítà bóyá abo ni, akọ ni, tàbí bàtà ẹnìkan. Ní gbangba, èyí tí wọ́n gbá mú á ké, á jà bọ́, á lọ. Nínú báfù, kò ríbi lọ. Bí abọ́ omi bá jìn níbẹ̀, èyí tó wà nísàlẹ̀ lè kú sómi.

Àwọn tó ń sin àkèré tó ń walẹ̀ ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ti kọ́ ẹ̀kọ́ yìí tipẹ́. Èyí tí wọ́n fẹ́ràn jù láti ilẹ̀ Áfíríkà ni Pyxicephalus adspersus, kọ̀ǹkọ̀ ńlá ti ìhà gúúsù, tí wọ́n ń pè ní “pixie” bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ohun kékeré kan lára rẹ̀. Akọ rẹ̀ lè gùn ju 20 sẹ̀ǹtímítà lọ, ó sì lè wọ̀n ju kílò kan lọ. Nínú ọ̀pọ̀ àkèré, abo ló máa ń tóbi. Nínú èyí, akọ ni. Egungun méjì bí eyín ló yọ sókè nínú àgbọ̀n ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó sì lè fi wọ́n dá ọgbẹ́ síni lọ́wọ́. Ọ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ń fi sínú àpótí onígíláàsì kan, láti ìgbà tó bá ti kúrò ní légbénlègbé. Ẹni tó bá kó ogún ọmọ rẹ̀ pọ̀ kò ní bá ogún lọ́jọ́ kejì.

Ẹranko yìí kan náà sì ni ọ̀kan nínú àwọn bàbá tó ń ṣiṣẹ́ jù láàárín àwọn àkèré. Akọ ló ń ṣọ́ àwọn légbénlègbé nínú adágún tí òjò dá sílẹ̀. Bí omi tí wọ́n wà bá fẹ́ gbẹ, yóò fi ẹsẹ̀ àti ara rẹ̀ gbẹ́ ojú ọ̀nà omi nínú ẹrẹ̀ títí yóò fi dé ibi tí omi ti jìn, àwọn ọmọ á sì gba ibẹ̀ kọjá. Ó máa ń dojú kọ ẹyẹ, ó máa ń dojú kọ màlúù pàápàá. Ó sì tún máa ń jẹ díẹ̀ nínú àwọn ọmọ náà. A kò mọ irú orúkọ tí à bá fún irú bàbá bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá.

Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, kọ̀ǹkọ̀ yìí á walẹ̀ lọ, awọ ara rẹ̀ á bó ní ìpele ìpele láìjábọ́, yóò sì di ìbora tó bò ó láti orí dé ẹsẹ̀ kí omi ara rẹ̀ má bàa tán. Bẹ́ẹ̀ ló máa ń wà fún oṣù púpọ̀, láìjẹ láìmu. Òun nìkan ló ń wà nínú ihò náà. Ẹranko tí ìṣẹ̀dá ti pèsè fún un láti dá sùn fún oṣù mẹ́wàá lábẹ́ ilẹ̀, kí ni yóò fi alábàágbé ṣe nínú báfù?

Kì í ṣe gbogbo àkèré tó ń walẹ̀ ló le báyìí, kí a má bàa pa irọ́ mọ́ wọn. Kaloula pulchra láti Éṣíà, tó sanra rọ̀bọ̀tọ̀, máa ń gbé pọ̀ ní mẹ́ta mẹ́rin nínú àpótí kan láìsí wàhálà bí wọ́n bá dọ́gba. Èyí tó pupa bí tòmátò láti Madagascar náà, Dyscophus, wọ́n ń sin ín pọ̀. Ní ilẹ̀ tiwa níhìn-ín, Hemisus wà, tí imú rẹ̀ ṣóńṣó bí ojú ọkọ́. Orí ló fi ń walẹ̀, kì í fi ìdí walẹ̀ bí àwọn yòókù. Ìkán àti èèrà ló ń jẹ. Abo rẹ̀ ń yé ẹyin sínú yàrá kékeré lábẹ́ ilẹ̀, ó ń jókòó tì wọ́n, bí òjò bá sì rọ̀ tó, á lu ihò láti ibẹ̀ kí àwọn ọmọ rẹ̀ lè dé ibi omi.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ èyí tó ṣeé dà pọ̀ nínú irú ẹran báyìí láìka ìwé kankan, ẹ wo ẹnu rẹ̀. Ẹlẹ́nu kékeré tó ń ṣa ìkán jẹ kò lè gbé alábàágbé rẹ̀ mì bó tilẹ̀ wù ú. Ẹlẹ́nu gbàgàdà tó ń lúgọ sínú ilẹ̀ títí ohun tó ń mira yóò fi kọjá, ẹ fi òun nìkan sílẹ̀. Àkèré inú bọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn, ẹlẹ́nu gbàgàdà ni.

Ó yá, ká padà sí Akébé. Àkèré yẹn, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ méjèèjì gbé e padà ní ìrọ̀lẹ́ yìí kan náà sí ibi tí ọmọ aládùúgbò ti mú un, kì í ṣe sí gọ́tà mìíràn. Lórí èyí, bàbá fẹ́rẹ̀ẹ́ jàre, àfi pé “kó dànù” kọ́ lọ̀rọ̀ náà. Àkèré tí a jù sí ibi tí kò mọ̀ lè kú, ó sì lè gbé àrùn lọ síbi tí kò sí tẹ́lẹ̀. Olú kan tó ń jẹ awọ àkèré, Batrachochytrium dendrobatidis, tí àwọn onímọ̀ sọ ní orúkọ ní 1999, ti pa ìran àkèré púpọ̀ run pátápátá ní Amẹ́ríkà ti Gúúsù àti ní Ọsirélíà. Gbígbé tí àwọn èèyàn ń gbé àkèré láti ibì kan dé ibòmíràn wà lára ohun tó tàn án kálẹ̀. Nítorí náà, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé òun á gbé e lọ fún àwọn ẹ̀gbọ́n ní Kétu nígbà ọlidé.

Ọ̀pọ̀lọ́ lè dúró díẹ̀ sí i, bí ẹ bá fẹ́, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ wo iyanrìn inú báfù yẹn. Etí òkun ni Libreville wà, iyanrìn tó sì tètè ń yá ọwọ́ ọmọ níbẹ̀ ni ti etíkun. Iyọ̀ inú rẹ̀ ń fa omi kúrò lára ọ̀pọ̀lọ́, ó sì lè pa á. Bí ó bá jẹ́ ibẹ̀ ni wọ́n ti bù ú, ẹ dà á nù lónìí. Ẹ wá erùpẹ̀ dúdú láti abẹ́ igi tàbí inú ọgbà, níbi tí omi ọṣẹ, epo mọ́tò tàbí oògùn kòkòrò kò dé. Kó jìn tó ìlọ́po méjì gíga ọ̀pọ̀lọ́ náà, ó kéré tán, kó tutù lọ́wọ́ bí ẹ bá fi ọwọ́ pọn ọ́n, ṣùgbọ́n kí omi má ro lára rẹ̀. Omi ẹ̀rọ ní oògùn nínú, ẹ bù ú sílẹ̀ lálìsí ìdérí di ọjọ́ kejì kí ẹ tó lò ó. Abọ́ tí kò jìn ni kí ẹ bù ú sí, tí ọ̀pọ̀lọ́ lè jókòó sínú rẹ̀ kí orí rẹ̀ wà níta. Ẹ fi nẹ́ẹ̀tì bo báfù náà kí afẹ́fẹ́ lè wọlé. Ẹ má gbé e sínú oòrùn, ẹ má sì gbé e sí yàrá tí ẹ ti ń tan okùn ẹ̀fọn tàbí tí ẹ ti ń fín oògùn sí aáyán, nítorí awọ tó ń fa omi yẹn náà ló ń fa oògùn.

Oúnjẹ kò le. Aáyán tí kò jẹ oògùn, ìrẹ̀, ekòló, èsúnsún tó ń yí iná ká lálẹ́. Ìrẹsì, búrẹ́dì, ẹran sísè, kò mọ̀ wọ́n. Ohun tó bá ń mira nìkan ni ojú rẹ̀ ń rí sí oúnjẹ. Lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ tó fún un.

Ìyá ní ohun tó ń ba bàbá lẹ́rù jù ni pé ìtọ̀ ọ̀pọ̀lọ́ yóò mú kí kókó líle hù sí ọmọ lọ́wọ́. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Kòkòrò àìfojúrí kan tó ń ran láti ara èèyàn sí èèyàn ló ń fa kókó yẹn, kò sí lára ọ̀pọ̀lọ́. Ṣùgbọ́n ìdí méjì mìíràn wà tí bàbá fi ní ẹ̀tọ́ láti ṣọ́ra. Oró tí a sọ lẹ́ẹ̀kan yẹn ń ta ojú bí ọmọ bá fi ọwọ́ nù ún. Ọ̀pọ̀lọ́ sì lè gbé kòkòrò tó ń fa inú rírun àti ìgbẹ́ gbuuru. Kí ọmọ má máa gbé e kiri. Bí ó bá ti fọwọ́ kàn án tàbí kan omi rẹ̀, ọṣẹ àti omi ló kàn, kó tó fọwọ́ kan ẹnu tàbí ojú. Báfù yẹn náà, ẹ jọ̀ọ́, kò gbọdọ̀ padà sí ilé ìdáná láé. Bí ó bá jẹ́ èyí tí ẹ fi ń fọ ẹ̀fọ́ ni, ó ti di ti ọ̀pọ̀lọ́ nìyẹn, ẹ ra òmíràn.

Ohun kan wà tí ìyá kò bi wá, a ó sì sọ ọ́ jẹ́jẹ́. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ méjèèjì wà ní Kétu. Ọmọ tó ń jókòó ti báfù fún ọ̀sẹ̀ méjì tó ń sọ pé kò dáa kéèyàn dá wà, a kò rò pé ọ̀pọ̀lọ́ nìkan ló ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Nínú ìtàn yìí, ẹni tó gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì wá jọ wá lójú ju ohun tó wà nínú rẹ̀ lọ. Ọmọ aládùúgbò yẹn rí i pé ọ̀rẹ́ òun fẹ́ràn nǹkan kan, ó sì wá a lọ sí gọ́tà. Ẹ jẹ́ kí ó máa wá sílé. Ọ̀pọ̀lọ́ máa ń jáde bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, ó sì máa ń dùn-ún wò nígbà tó bá ń na ahọ́n mú ìrẹ̀. Aago Libreville àti ti Kétu dọ́gba, a kò ní láti ṣírò. Àwọn ẹ̀gbọ́n lè wò ó lórí fóònù láti ọ̀dọ̀ ìyá àgbà ní àsìkò kan náà, kí àbúrò wọn máa ṣàlàyé fún wọn ní Yorùbá. Ìyá àgbà á ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ láti sọ nípa àkèré, ẹ má jẹ́ kó bà yín lẹ́rù.

Kí ọ̀pọ̀lọ́ tó lọ sílé, ẹ má dúró di ìgbà tí òjò bá tán. Ẹ̀ẹ̀rùn gígùn Libreville máa ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù kẹfà, ó sì ń wà títí wọ oṣù kẹsàn-án. Ó yẹ kí ọ̀pọ̀lọ́ ti rí ibi tó rọ̀ walẹ̀ sí kí ilẹ̀ tó gan. Bí kò bá jẹun fún ọ̀sẹ̀ kan, bí egungun ẹ̀yìn rẹ̀ bá ń yọ, tàbí tó bá ń fi imú gún ògiri báfù lálaalẹ́ títí imú fi bó, ẹ dá a padà lọ́jọ́ náà, ẹ má retí ọjọ́ mìíràn.

Ìyá kọ̀wé padà ní ọjọ́ Ẹtì. Àkèré ti lọ. Àwọn ọmọ méjèèjì ló gbé e, bàbá ló tan iná fóònù fún wọn. Ọmọ ní kó bi wá bóyá ọ̀pọ̀lọ́ òun á mọ ọ̀nà ilé bí wọ́n bá dá a padà sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. Bẹ́ẹ̀ ni, á mọ̀ ọ́n. Àwọn onímọ̀ ti gbé ọ̀pọ̀lọ́ irú ti Yúróòpù kúrò níbi adágún tó mọ̀, ó sì rìn padà síbẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ògiri sí ẹ̀gbẹ́ gọ́tà kò tó nǹkan. Kó kàn gbé e sílẹ̀ lálẹ́, kí ilẹ̀ tutù, kó sì sún sẹ́yìn díẹ̀.